TV orí íńtánẹ́ẹ̀tì tó ń dáni lóhùn: ta ló máa gbọ́ èdè màmá mi?

Àdùkẹ́ Mọ́kọ́lá

Ẹ kú ilé o, gbogbo ilé. Ọ̀rọ̀ kan ti wà lọ́kàn mi láti oṣù tó kọjá, mo ní kí n gbé e wá síbí kí ẹ bá mi dá sí i. Mo ra TV tuntun fún màmá mi n'Íbàdàn, íńṣì 43, èyí tó ń lo íńtánẹ́ẹ̀tì. Rìmóòtù ẹ̀ ní bọ́tìnnì kan tí wọ́n ya máìkì sí, ẹni tó tà á fún mi ní téèyàn bá ti tẹ̀ ẹ́ kó kàn sọ ohun tó fẹ́ wò, TV á gbé e jáde. Ohun tó jẹ́ kí n ra irú ẹ̀ nìyẹn, torí màmá ti lé ní àádọ́rin ọdún, ojú wọn ò gbé lẹ́tà wínníwínní mọ́, wọn ò sì lọ ilé ìwé.

Mo fi hàn wọ́n. Wọ́n fi ọwọ́ méjèèjì di rìmóòtù mú, wọ́n gbé e súnmọ́ ẹnu, wọ́n kọ́kọ́ kí i pàápàá, wọ́n ní "Ẹ kú ọjọ́ o. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi gbé Àyìnlá Ọmọwúrà sí i." Àmì róbótó kan ń yí lójú TV, ọ̀rọ̀ Òyìnbó kan wá jáde tí ò jọ ohun tí wọ́n sọ rárá, ni TV bá gbé fídíò bí wọ́n ṣe ń tún ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń gé koríko ṣe síta. Màmá tún un sọ. Wọ́n gbé ohùn sókè sí i, bí ẹni tó ń pe èèyàn láti òdìkejì odò. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni. Lẹ́yìn ìyẹn wọ́n rọra gbé rìmóòtù sórí tábìlì, wọ́n ní "Kò gbọ́ tèmi. Bá mi tan rédíò."

Ó dùn mí dọ́kàn. Gbogbo ibi ni wọ́n ti ń sọ pé TV tó ń bọ̀ lọ́jọ́ iwájú, èèyàn á máa bá a sọ̀rọ̀ ni, á máa dáni lóhùn, á mọ ohun tá a fẹ́ kó tó di pé a sọ ọ́. Ṣé ilé tiwa náà wà lára ilé tí wọ́n ń sọ yẹn? Ẹ bá mi sọ ohun tẹ́ ẹ ti rí nílé yín.

Ẹlẹ́rọ Àkúrẹ́

Àǹtí Àdùkẹ́, ẹ kú ìtọ́jú màmá o. TV ni mò ń gbé kọ́ ògiri fáwọn èèyàn níbí, ohun tẹ́ ẹ sọ yẹn, mo ti rí i kọjá kíkà. Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ èyí tó lè ràn yín lọ́wọ́ báyìí. Lórí fóònù, Google ti fi Yorùbá kún àwọn èdè téèyàn lè fi ohùn wá nǹkan, 2024 ni wọ́n kéde ẹ̀. Àmọ́ àwọn TV tí mò ń já kúrò nínú páálí, tẹ́ ẹ bá wọ settings ẹ̀ lọ síbi èdè, ẹ máa rí Faransé, ẹ máa rí Jámánì, mi ò tíì rí Yorùbá níbẹ̀. Nítorí náà ẹ gbé fóònù fún màmá kí wọ́n sọ ọ́ síbẹ̀, tó bá ti jáde lórí YouTube ẹ tẹ àmì TV kékeré tó wà lókè, á bọ́ sójú TV.

Ohun tó ń bà mí lẹ́rù jùyẹn lọ ni dátà. Netflix fúnra wọn kọ ọ́ sórí ìkànnì wọn pé wákàtí kan ní HD, ìyẹn àwòrán tó mọ́ kedere, lè jẹ tó 3GB, 4K tó tún mọ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ lè jẹ tó 7GB. Ìdílé tó bá ń wo fíìmù wákàtí méjì lálaalẹ́ ní HD, 6GB nìyẹn lálẹ́ kan, 180GB lóṣù, ẹni mélòó ló lè ra 180GB lóṣù nínú àwa tá a wà níbí, pàápàá látìgbà tí NCC, àjọ ìjọba tó ń bójú tó àwọn iléeṣẹ́ fóònù, ti fọwọ́ sí i ní January 2025 pé káwọn iléeṣẹ́ fóònù lè fi tó ìdá àádọ́ta nínú ọgọ́rùn-ún kún owó wọn? Èyí tó pọ̀ jù nínú àwọn ilé tí mò ń wọ̀, hotspot fóònù bàbá ilé ni TV wọn ń lò. Bàbá bá ti jáde, TV ti kú nìyẹn. Ọmọ kan wà n'Ọ́bà-Ilé, kò ju ọdún mẹ́jọ lọ, mo ń so wáyà lọ́wọ́ ni mo rí i tó ń wo iye dátà tó kù lórí fóònù bàbá ẹ̀, ó fa fídíò wálẹ̀ sí 480p, èyí tí ò mọ́ tó HD àmọ́ tí kì í jẹ dátà púpọ̀, kó tó tẹ play. Ẹnì kan ò kọ́ ọ.

Bàbá Tíṣà

Ẹ̀yin ọmọ, ẹ kú iṣẹ́. Àdùkẹ́, bá mi kí màmá rẹ, ìran tí wọ́n ń kí TV yẹn, èmi náà wà nínú ẹ̀.

Ọjọ́ kọkànlélọ́gbọ̀n oṣù October 1959 ni WNTV, iléeṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n ìwọ̀-oòrùn Nàìjíríà, bẹ̀rẹ̀ n'Íbàdàn nígbà ìjọba Awólọ́wọ̀, ọmọdé ni mí, ilé ọ̀gá kan ládùúgbò la ti ń wò ó láti ojú fèrèsé. Nígbà tí ẹni tó ń ka ìròyìn bá ní "ẹ káalẹ́," gbogbo wa tá a wà níta la máa dáhùn pé "ẹ káalẹ́ sà." Kò sẹ́ni tó gbọ́ wa. Ṣùgbọ́n a dáhùn.

Torí náà kì í ṣe òní lèèyàn ti fẹ́ kí TV dáhùn. Àwọn Òyìnbó náà ti gbìyànjú ẹ̀ tipẹ́. Ní December 1977, iléeṣẹ́ Warner gbé ohun kan jáde ní ìlú Columbus, ní Ohio, l'Amẹ́ríkà, wọ́n pè é ní QUBE. Àpótí kan tó ní bọ́tìnnì ìdáhùn márùn-ún ni wọ́n fún àwọn èèyàn nílé, wọ́n lè dìbò, wọ́n lè dáhùn ìbéèrè, wọ́n lè ra fíìmù, kọ̀ǹpútà máa ń gba ìdáhùn gbogbo ilé pọ̀ láàárín ìṣẹ́jú àáyá. Inú èèyàn dùn sí i lóòótọ́. Ní 1984 ó ti kógbá wọlé. Ní December 1994 ni Time Warner tún gbé òmíràn kalẹ̀ ní Orlando, ní Florida, èèyàn lè yan fíìmù ní wákàtí tó bá wù ú, ó lè rajà, ó lè ta géèmù. Ọdún 1997 ni wọ́n pa á tì. Owó ló pa àwọn méjèèjì, àpótí yẹn wọ́n ju ohun tí ilé kan lè san padà lọ.

Ohun tí mo rí nínú ẹ̀ ni pé àwọn tó ń ṣe é máa ń rò pé bọ́tìnnì ni nǹkan tó ń wu èèyàn. Bẹ́ẹ̀ èèyàn ẹlẹgbẹ́ ẹ ló ń wù ọ́ láti bá sọ̀rọ̀. Ẹ wo ètò orí rédíò tí wọ́n ń pè wọlé, bàbá àgbà á fi káàdì ₦100 dúró lórí ìlà títí kí wọ́n lè gbọ́ orúkọ ẹ̀ kó sì kí àwọn ọmọ ẹ̀.

Gbọ́lá Olótùú

Ẹ ṣeun sà. Èmi ni mo ń gé fíìmù, mo ń bá àwọn tó ń gbé fíìmù Yorùbá sórí YouTube ṣiṣẹ́, mo sì fẹ́ sọ ohun tójú mi ń rí torí mo rò pé TV tó ń dáni lóhùn ti dé ilé wa, àwa la ò pè é bẹ́ẹ̀.

Láyé CD, tá a bá gbé ọjà lọ sí Ìdúmọ̀tà, ẹni tó rà á lọ, ó ti lọ nìyẹn, kò sí ohùn kankan tó ń padà wá sọ́dọ̀ wa àfi ti àwọn tó ń ṣe ayédèrú ẹ̀. Irokotv ló kọ́kọ́ fi hàn wá ní 2011 pé èèyàn lè jókòó sí London kó máa wo fíìmù wa lórí íńtánẹ́ẹ̀tì. Nísinsìnyí YouTube ni gbogbo wa wà, tí channel bá ti ní èèyàn 1,000 àti wákàtí 4,000 tí wọ́n fi wò ó láàárín ọdún kan, wọ́n lè gbà á wọlé, ìdá 55 nínú ọgọ́rùn-ún owó ìpolówó sì máa wá sọ́dọ̀ ẹni tó ni fídíò. Owó yẹn, ibi tí ẹni tó ń wò ó wà ló ń sọ bó ṣe máa tó. Ẹni kan tó wò ó láti Houston lè mú owó wá ju ọ̀pọ̀ èèyàn n'Íléṣà lọ. Mo ń sọ èyí torí ó ń yí irú fíìmù tá à ń ṣe padà, ká má tan ara wa.

Ẹ gbọ́ èyí ná. Fíìmù kan tá a gbé jáde bíi Premiere, gbogbo èèyàn ń wò ó pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, ọ̀rọ̀ wọn ń sáré lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀. Nígbà tó dé ibi tí ìyàwó kékeré ti gbé ọmọ ìyáálé ẹ̀ sá, ọ̀rọ̀ náà le débi tí mi ò rójú kà á tán. Ohun tí a ti kọ fún apá kejì ni pé kó jẹ́ wèrè ló máa ya á. Àwọn ìyá bẹ̀rẹ̀ sí í kọ ọ́ pé rárá o, ẹ má ya obìnrin yìí ní wèrè, ẹ bi í léèrè ohun tí wọ́n fojú ẹ̀ rí nílé yẹn. Ọ̀kan kọ ọ́ gùn débi pé a tẹ̀ ẹ́ jáde sórí ìwé, a gbé e wá sí lokéṣọ̀n. A yí apá kejì padà. Olùwòran ló kọ ọ́ pẹ̀lú wa.

Ìyá Ìbejì Ṣakí

Ọ̀rọ̀ yìí wù mí. Ẹ̀gbọ́n Gbọ́lá, kí ló dé tẹ́ ò ṣe kúkú ṣe é kó jẹ́ àwa la máa yan ọ̀nà tí fíìmù máa gbà? Mo gbọ́ pé Netflix ní irú ẹ̀, wàá fi rìmóòtù yan ohun tí èèyàn inú fíìmù máa ṣe.

Gbọ́lá Olótùú

Wọ́n ṣe é lóòótọ́ mà. 2017 ni wọ́n fi tàwọn ọmọdé bẹ̀rẹ̀, 2018 wọ́n ṣe tàwọn àgbà tó gbajúmọ̀ gan-an, ṣùgbọ́n ní December 2024 wọ́n kó èyí tó pọ̀ jù nínú wọn kúrò. Ẹ jẹ́ ká ṣírò ẹ̀. Tí mo bá ní kí ẹ yan ọ̀nà kan nínú mẹ́ta, ẹ̀ẹ̀mejì péré nínú fíìmù kan, ìparí mẹ́sàn-án nìyẹn. Òṣèré mẹ́sàn-án, epo jẹnẹrétọ̀ mẹ́sàn-án, oúnjẹ mẹ́sàn-án fún fíìmù kan ṣoṣo, olùwòran kan á sì rí ẹyọ kan nínú ẹ̀ kó lọ sùn. Lẹ́yìn náà ó tún bá ọ̀rọ̀ jẹ́: tí tèmi bá parí síbi ikú, tí tìẹ parí síbi ìgbéyàwó, kí la fẹ́ jọ sọ lọ́jọ́ kejì ní ṣọ́ọ̀bù onídìrì?

Ìyá Ìbejì Ṣakí

Ó yé mi ní tàwọn àgbà, ṣùgbọ́n mi ò gbà ní tàwọn ọmọdé o. Ẹ jọ̀ọ́, kí ni àlọ́? Ìyá ìyá mi á ní "Ààlọ́ o!" àwa á ní "Ààlọ̀!" Tá ò bá dáhùn, kò ní bẹ̀rẹ̀. Tó bá dé orí orin, àwa la máa gbè é, tí ohùn wa bá ti ń rẹlẹ̀ ó mọ̀ pé oorun ti ń kùn wá, á gé ìtàn ìjàpá kúrú. Àwa la ń sọ bó ṣe máa gùn tó! Àwọn ìbejì mi ń wo àwòrán eré Òyìnbó kan tó máa ń bi wọ́n ní ìbéèrè, á sì dákẹ́ díẹ̀ bí ẹni ń retí ìdáhùn, Táyé máa ń pariwo dáhùn, lédè Òyìnbó. Ọmọ ọdún mẹ́rin. Mo wá ń rò ó pé tí TV bá lè gbọ́hùn ọmọ lóòótọ́, kí ló dé tí kò ní lè pa àlọ́ fún un kó sì dúró de "Ààlọ̀" kó tó máa lọ? Ìyẹn ò ná ìparí mẹ́sàn-án. Etí tó gbọ́ Yorùbá nìkan ló ná.

Àdùkẹ́ Mọ́kọ́lá

Ìyá Ìbejì, ẹ pa mí! Etí tó gbọ́ Yorùbá. Ohun tí mo fẹ́ sọ látàárọ̀ nìyẹn.

Bàbá Tíṣà

Etí yẹn ò rọrùn láti ṣe, ẹ má rò pé àìbìkítà nìkan ni. Ọkọ, ọkọ́, ọkọ̀, ọ̀kọ̀: fún ẹni tí ò gbọ́ Yorùbá, ohun kan náà ni. Ẹ̀rọ gbọ́dọ̀ gbọ́ òkè àti ilẹ̀ ohùn kó tó mọ̀ bóyá ọkọ ìyàwó lò ń wá ni tàbí ọkọ́ àgbẹ̀. Ẹ tún wá fi ti Èkìtì kún un, ẹ fi Ìjẹ̀bú kún un, ẹ fi ti àgbàlagbà tí eyín ẹ̀ ti yọ kún un. Ohùn ọ̀pọ̀lọpọ̀ èèyàn ni wọ́n fi ń kọ́ ẹ̀rọ, ohùn àwa Yorùbá tí wọ́n sì ní ò tó nǹkan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ti Òyìnbó. Ibì kan wà tó ń jẹ́ Common Voice, Mozilla ló ni ín, Yorùbá ti wà níbẹ̀, èèyàn lè ka gbólóhùn síbẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́ kí wọ́n lè máa fi kọ́ ẹ̀rọ. Ọmọ ọmọ mi ló fi hàn mí, mo ka ogún gbólóhùn ní ọjọ́ kan. Ẹ jẹ́ káwọn ìyá wa náà kà á. Tó bá jẹ́ ohùn àwọn ọ̀dọ́ Èkó nìkan ló bá níbẹ̀, ohùn àwọn ọ̀dọ́ Èkó nìkan náà ló máa gbọ́.

Ṣadé Peckham

Ẹ kú ọ̀sán o, mo ń kà á bọ̀ nínú bọ́ọ̀sì. Àwa tá a wà nílùú Ọba ti wà nínú ẹ̀ tipẹ́. BBC ní bọ́tìnnì pupa láti 1999, èèyàn á tẹ̀ ẹ́ láti wo ìdíje mìíràn tàbí ka ìròyìn, iPlayer dé ní December 2007, ní April 2024 ni wọ́n wá gbé Freely jáde, ètò tó ń jẹ́ kí TV gba ọ̀pọ̀ ìkànnì láti orí íńtánẹ́ẹ̀tì láì sí antẹ́nà. Àríyànjiyàn tó wà ńlẹ̀ báyìí ni bóyá kí wọ́n pa antẹ́nà rẹ́ pátápátá. Wọ́n ti ṣèlérí pé á ṣì wà títí di 2034 ó kéré tán, lẹ́yìn ìyẹn kò tíì dájú. Àwọn arúgbó tí mò ń tọ́jú níbi iṣẹ́, àwọn kan ò ní íńtánẹ́ẹ̀tì nílé rárá, TV ni ẹnì kejì wọn láti àárọ̀ dalẹ́. Nítorí náà kì í ṣe ilé wa nìkan o, Àǹtí Àdùkẹ́, ìyá Òyìnbó náà ń gbé rìmóòtù sórí tábìlì.

Ṣùgbọ́n mo fẹ́ jẹ́rìí sí ọ̀rọ̀ Ẹ̀gbọ́n Gbọ́lá. Dádì mi wà l'Ábẹ́òkúta, àbúrò mi wà ní Maryland, gbogbo ọjọ́ Ẹtì la jọ máa ń wo fíìmù tuntun kan náà. Ọmọ ilé máa ń bá dádì kọ ọ̀rọ̀ wọn. Wọ́n á ní kó kọ ọ́ pé "Ṣadé, ọkùnrin yẹn jọ ẹ̀gbọ́n ìyá rẹ." Èmi á rí i láàárín ọ̀rọ̀ ẹgbẹ̀rún èèyàn tí mi ò mọ̀ rí, lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀ máa mọ̀ pé wọ́n ṣì jókòó sórí àga yẹn, wọn ò tíì sùn, ara wọn yá. Mi ò mọ bí mo ṣe fẹ́ sọ iye tí ìyẹn jẹ́ fún mi.

Kúnlé Ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́

Ẹ jọ̀ọ́ mo fẹ́ fi nǹkan kan kún un, torí gbogbo wa ń sọ pé kí TV gbọ́ wa, ẹ jẹ́ ká bi í pé ta ló tún ń gbọ́. TV tó ń dáni lóhùn, ó ń wo àwa náà. Ní February 2017, Vizio, àwọn tó ń ṣe TV l'Amẹ́ríkà, san mílíọ̀nù 2.2 dọ́là torí ìjọba ibẹ̀ ní TV wọn tó mílíọ̀nù mọ́kànlá ń gba àkọsílẹ̀ ohun tí àwọn èèyàn ń wò láì gba àyè lọ́wọ́ wọn, wọ́n sì ń ta á fún àwọn onípolówó. Bó ṣe ń ṣiṣẹ́ ni pé TV á máa yọ díẹ̀díẹ̀ nínú àwòrán tó wà lójú ẹ̀, á fi wé èyí tó wà níbi tí wọ́n kó o jọ sí, ni wọ́n fi máa mọ̀ pé fíìmù báyìí lò ń wò, ì báà jẹ́ láti DVD. Ẹ wọ settings, ẹ wá ibi tí wọ́n kọ privacy sí, ẹ wo ohun tó bá ní viewing data tàbí viewing information, ẹ pa á. Lórí TV màmá náà o, Àǹtí.

Ẹlẹ́rọ Àkúrẹ́

Kúnlé o ṣeun, màá máa pa á fáwọn oníbàárà mi láti òní lọ, mi ò kì í wo ibẹ̀ tẹ́lẹ̀.

Èmi ò tíì kúrò lórí ọ̀rọ̀ antẹ́nà tí Ṣadé sọ. Òpó kan tó bá ń sọ ìròyìn sáfẹ́fẹ́, ilé mẹ́wàá wò ó, ilé ẹgbẹ̀rún lọ́nà ọgọ́rùn-ún wò ó, owó kan náà ni. Ti íńtánẹ́ẹ̀tì, ilé kọ̀ọ̀kan ni wọ́n ń fà á fún lọ́tọ̀. Nígbà ìjà ẹ̀ṣẹ́ Tyson àti Jake Paul ní November 2024, Netflix ní ìdílé ọgọ́ta mílíọ̀nù ló wò ó, fídíò sì ń há fún ọ̀pọ̀ èèyàn, ní Amẹ́ríkà níbi tí iná kì í lọ. Níbí ńkọ́? Ní March 2024 tí wáyà abẹ́ òkun já lápá Abidjan, íńtánẹ́ẹ̀tì dákú káàkiri ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà, oníbàárà mi kan pè mí pé TV òun ti bàjẹ́. Mo dé ibẹ̀, TV ò ṣe nǹkan kan. Mo ki antẹ́nà sí i lẹ́yìn, ìròyìn ìlú wa yọ, bàbá yẹn dì mọ́ mi. Ìmọ̀ràn mi fún ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ ra ni pé kó rí i pé ihò antẹ́nà wà lẹ́yìn ẹ̀. A sì ṣì ń retí kí ètò TV dígítà orí antẹ́nà tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ ní Jos ní April 2016, tó dé Èkó ní 2021, kárí gbogbo ilẹ̀ wa. Tó bá kárí, antẹ́nà á gbé àwòrán wá lọ́fẹ̀ẹ́, dátà tín-ín-rín á kàn gbé ohùn wa padà. Ìbò, ọ̀rọ̀, ìkíni, kò jẹ ju kọ́bọ̀ lọ. Irú TV tó bá àpò wa mu lójú tèmi nìyẹn.

Ìyá Ìbejì Ṣakí

Àwòrán lọ́fẹ̀ẹ́, ohùn wa padà. Mo fara mọ́ ọn. Kí iná kàn wà.

Àdùkẹ́ Mọ́kọ́lá

Ẹ ṣeun gan-an ni o. Mo lọ sílé lọ́jọ́ Sátidé, mo ṣe bí Ẹlẹ́rọ ṣe wí. Mo yí èdè fóònù padà sí Yorùbá, mo gbé e fún màmá. Wọ́n ò fẹ́ gbà á, wọ́n ní àwọn ti bá òmíràn sọ̀rọ̀ rí kò dáhùn. Mo bẹ̀ wọ́n. Wọ́n ní "Àyìnlá Ọmọwúrà." Ó kọ ọ́ jáde láì sí àmì lórí ẹ̀, àmọ́ orúkọ náà ni, mo tẹ àmì TV, ìlù bọ́ sílé. Màmá ò sọ nǹkan kan, wọ́n kàn ń mi orí. Ó pẹ́ díẹ̀ kí wọ́n tó gba fóònù padà lọ́wọ́ mi fúnra wọn, wọ́n ní "Bá mi wá fíìmù tí Ògúndé fi ṣe babaláwo, èyí tí mo wò nígbà tí mo lóyún rẹ." Ìyẹn ò yé e. Ó gbé nǹkan mìíràn jáde.

Wọ́n wò mí, wọ́n ní "Ìyẹn ṣì kéré, á dàgbà." Wọ́n ti ní kí n fi ibi tí wọ́n ti ń ka gbólóhùn yẹn han àwọn. Mo sọ fún wọn pé èèyàn gbọ́dọ̀ kà á lójú ìwé ni, ojú wọn ò sì gbé e. Bàbá Tíṣà, ṣé ọ̀nà wà tí èmi fi lè kà á sí wọn létí kí wọ́n wá sọ ọ́ tẹ̀lé mi?

Bàbá Tíṣà

Kò sóhun tó ní kó má ṣeé ṣe. Kà á sí wọn létí kí ẹ tó tẹ bọ́tìnnì, kí wọ́n sọ ọ́ lẹ́yìn tí ẹ bá tẹ̀ ẹ́, kí ohùn tìrẹ má bàa wọ inú ẹ̀. Gbólóhùn kúkúrú ni ọ̀pọ̀ wọn. Ẹ ṣe é láàárọ̀ kùtù tí ohùn wọn ṣì mọ́.